"Níbo lo ti rí i?": Ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó ń kọ̀wé lórí Ayétòrò

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, mo sì wà ní ọdún tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ òfin. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí Ayétòrò ní Ìlàjẹ: ǹjẹ́ òfin àgbáyé fún àwọn tí òkun ń gbé ilé wọn lọ ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n lè bèèrè fún? Footnote mi, ìyẹn ìtọ́kasí tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, ti lé ní ọgọ́rin. Alábòójútó mi dá iṣẹ́ náà padà, ó sì kọ 'Níbo lo ti rí i?' sí ẹ̀gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Ó ní ẹjọ́ Abacha àti Fawehinmi kò sọ ohun tí mo ní ó sọ, ó ní ìwé ìròyìn ni mo gbé òfin lé, ó sì ní ẹjọ́ kan wà níbẹ̀ tí òun wá títí tí òun ò rí. Ẹjọ́ yẹn, AI ló fún mi. Mo fi ojú ewé mélòó kan ránṣẹ́ kí ẹ bá mi wò ó. Báwo ni mo ṣe máa yẹ orísun wò, kí n sì tọ́ka sí i bó ṣe yẹ? Ṣé kí n dín footnote kù ni?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Orí ọ̀rọ̀ tó dára lo mú. Láti 1947 tí wọ́n ti tẹ Ayétòrò dó létí òkun, wọ́n ti bí ọmọ, wọ́n ti bí ọmọ-ọmọ níbẹ̀, òkun sì ti gba ilé àti ọ̀nà lọ́wọ́ wọn. Bí iṣẹ́ rẹ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, lọ́yà kan lè mú un lọ́jọ́ iwájú kó fi gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ kalẹ̀ fún wọn. Bí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, lọ́yà apá kejì ló máa kọ́kọ́ rí i, àwọn ará Ayétòrò ló sì máa jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ìbéèrè tí alábòójútó rẹ ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, òun náà ni adájọ́ máa ń bi lọ́yà ní kóòtù. Ìtọ́kasí wà kí ẹni tó ń kà á lè dé ojú ewé tí ìwọ dé, kó sì rí ohun tí ìwọ rí, láìtún pè ọ́. Bí a bá gbọ́ ní Ọjà Ọba pé ọmọ lágbájá fẹ́ ṣègbéyàwó, ilé lágbájá là ń lọ kí a tó ra aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe fún gbogbo ohun tí o bá kọ: lọ sílé ọlọ́rọ̀. Ṣé ohun náà wà? Ṣé ìwọ fúnra rẹ ló kà á? Ṣé ohun tí o ní ó sọ ló sọ? Ṣé ó de Nàìjíríà, láti ọjọ́ wo? Ìgbà tí o bá dáhùn ìwọ̀nyí tán ni kọ́mà àti ibi tí àkámọ́ ń gbé ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹjọ́ Fawehinmi, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ ti wúwo jù, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ rẹ ti lè lágbára jù. O kọ ọ́ pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé àdéhùn tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kò bá tíì sọ di òfin "kò de Nàìjíríà". Ohun tí o fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni "Abacha v Fawehinmi, 2000", kò sí nǹkan míì.

Ìtọ́kasí rẹ̀ ní kíkún nìyí: Abacha v Fawehinmi (2000) 6 NWLR (Pt 660) 228. 2000 ni ọdún, 6 ni ìdìpọ̀, NWLR ni Nigerian Weekly Law Reports, 660 ni apá, 228 sì ni ojú ewé tí ìròyìn ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yingin nínú wọn, ìwé ẹjọ́ ẹlòmíràn lẹni tó ń wá a máa ṣí. Àti pé 228 nìkan kò tó. Ìròyìn ẹjọ́ yẹn gùn, adájọ́ tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà fi ojú ewé tí ọ̀rọ̀ tí o ń mú lò wà gan-an kún un. Gani Fawehinmi fúnra rẹ̀, ọmọ Oǹdó, ló dá NWLR sílẹ̀. Ẹ̀rí tó wà nílé wa ni ìwé yẹn, ó sì yẹ kí ọmọ ìpínlẹ̀ yìí mọ bí a ti ń kà á.

Wàyí o, kí ni ilé ẹjọ́ sọ? Ní 30 oṣù Kìíní 1996, àwọn agbófinró mú Gani nílé rẹ̀ láìní ìwé àṣẹ, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ó gbé Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn lọ́wọ́ lọ sí kóòtù. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní 28 oṣù Kẹrin 2000, ó ní àdéhùn tí a kò sọ di òfin nílé kò ṣeé gbé ka iwájú àwọn ilé ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n a ti sọ Ìwé Àdéhùn Áfíríkà di òfin láti 1983. Nígbà tí ẹjọ́ náà wáyé, Cap 10 (ìyẹn orí kẹwàá) nínú àkójọ òfin 1990 ni. Lónìí, Cap A9 nínú àkójọ 2004 ni. Ó ní òfin yìí lágbára ju òfin lásán lọ bí méjèèjì bá forí gbárí, ṣùgbọ́n kò ga ju ìwé òfin ìpìlẹ̀ lọ.

Ṣé o rí i? Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú kóòtù Nàìjíríà ni àwọn adájọ́ yẹn ń sọ. Wọn kò sọ pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àdéhùn lójú àwọn orílẹ̀-èdè yòókù. Ọ̀rọ̀ tìyẹn wà nínú Àdéhùn Vienna lórí Òfin Àdéhùn, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ìfọwọ́sí ní 23 oṣù Karùn-ún 1969, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 27 oṣù Kìíní 1980, 1155 UNTS 331 (mo máa ṣàlàyé UNTS níwájú). Abala 27 níbẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ fi òfin ilé rẹ̀ ṣe àwáwí pé òun kò mú àdéhùn ṣẹ. Nàìjíríà ti fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn yìí láti 31 oṣù Keje 1969, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ṣì ń rò ó. Ọmọ Yorùbá, Taslim Olawale Elias, ló sì jókòó gẹ́gẹ́ bí alága ìgbìmọ̀ gbogboogbò níbi àpérò tí wọ́n ti jíròrò rẹ̀ ní Vienna. Bí ìwé rẹ bá wá sọ pé Nàìjíríà ò mọ nǹkan kan nípa abala 27, ó máa dùn mí.

Nítorí náà pín gbólóhùn rẹ yẹn sí méjì. Ìkíní: nínú kóòtù wa, àdéhùn tí a kò sọ di òfin kò ṣeé gbé dìde, nítorí abala 12 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ 1999, fi Abacha v Fawehinmi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìkejì: láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ó ṣì dè wá, fi abala 27 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orísun méjì fún ọ̀rọ̀ méjì.

Ohun tó tún ya mí lẹ́nu ni pé o mẹ́nu kan Ìwé Àdéhùn Áfíríkà yìí, o sì kọjá lọ. Ṣí abala 24 rẹ̀. Ó fún gbogbo àwùjọ ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára, tó sì ṣe wọ́n láǹfààní fún ìdàgbàsókè wọn. Òfin Nàìjíríà ni abala yẹn lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè mọ́. Ìgbìmọ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tó fìdí kalẹ̀ sí Banjul, ti lò ó lórí wa rí nínú ọ̀rọ̀ Ògóní, Communication 155/96, ní 2001, ó sì rí i pé ìjọba wa rú u. Rí i dájú pé o kọ "Ìgbìmọ̀", má kọ "kóòtù", torí ìgbìmọ̀ ni wọ́n. Kóòtù Áfíríkà tó wà ní Arusha yàtọ̀ sí wọn. Èmi ní tèmi, orí yìí ni ǹ bá gbé síwájú gbogbo orí yòókù.

Ó kan àdéhùn ojú ọjọ́. O kọ ọ́ pé "Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn Paris ní 2015", ohun tí o tọ́ka sí sì ni ìwé ìròyìn kan. Wo bí ọjọ́ ṣe pọ̀ tó nídìí àdéhùn kan ṣoṣo. Wọ́n gbà á wọlé ní Paris ní 12 oṣù Kejìlá 2015. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 22 oṣù Kẹsàn-án 2016. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lágbàáyé ní 4 oṣù Kọkànlá 2016. Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ú ní 16 oṣù Karùn-ún 2017. Abala 21 rẹ̀ sì ní, fún ilẹ̀ tó bá fi òǹtẹ̀ lù ú lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ ọgbọ̀n ni a ó kà kó tó dè é. Ìyẹn jẹ́ 15 oṣù Kẹfà 2017 fún wa. Bí o bá fẹ́ bi ìjọba nípa ohun tó ṣe tàbí tí kò ṣe, ọjọ́ tó kẹ́yìn yìí lo nílò jù. Ìfọwọ́sí lásán kò tíì sọ orílẹ̀-èdè di ọ̀kan nínú àwọn tí irú àdéhùn yìí dè.

Ibi tí a ti ń rí ọjọ́ wọ̀nyí kò fara sin. United Nations Treaty Collection wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣí àdéhùn náà, wá orúkọ Nàìjíríà nínú tábìlì, ka ọjọ́ tó wà ní iwájú rẹ̀, kí o sì tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń kọ ohun tí wọn ò fara mọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kan lè ti yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ abala tí o gbẹ́kẹ̀ lé gan-an. UNTS tí o ń rí nínú ìtọ́kasí ni àkójọ àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń tẹ̀: nínú 1155 UNTS 331, ìdìpọ̀ 1155 ni, ojú ewé 331. Abala 102 nínú ìwé ìpìlẹ̀ àjọ náà ló ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa forúkọ àdéhùn wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Àdéhùn ti Áfíríkà nílé tirẹ̀. Àdéhùn Kampala, tó wà fún àwọn tí wọ́n ṣí kúrò nílé wọn ṣùgbọ́n tí wọn ò kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn, ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ni àkọsílẹ̀ òǹtẹ̀ rẹ̀ wà. Wọ́n gbà á wọlé ní 23 oṣù Kẹwàá 2009, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 6 oṣù Kejìlá 2012. Nàìjíríà wà nínú àwọn tó fi òǹtẹ̀ lù ú. O kò dárúkọ rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ abala 5, ìlà 4, dárúkọ àwọn tí àjálù lé kúrò nílé, ó sì ka ìyípadà ojú ọjọ́ mọ́ ọn. Ta ni ìyẹn ń bá wí bí kì í ṣe àwọn ará Ayétòrò? Kà á láti inú ìwé àdéhùn náà gan-an, lẹ́yìn náà kí o wá a nínú òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti ṣe, kí o lè mọ ẹ̀gbẹ́ abala 12 tó bọ́ sí.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní The Hague. O kọ ọ́ pé "ní 2025, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè sanwó fún àwọn tí òkun ń yọ lẹ́nu". Àkọlé ìwé ìròyìn lo gbà gbọ́. Ohun tó jáde ní 23 oṣù Keje 2025 kì í ṣe ìdájọ́ láàárín olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́. Ìmọ̀ràn òfin ni, tí Àpéjọ Gbogboogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bèèrè nínú ìpinnu 77/276, tí wọ́n ṣe ní 29 oṣù Kẹta 2023, lẹ́yìn tí Vanuatu ti ṣíwájú akitiyan náà. Ìmọ̀ràn irú èyí kì í de orílẹ̀-èdè bí ìdájọ́ ṣe ń de àwọn tó wà nínú ẹjọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe tìtorí ìyẹn fi ojú kéré wò ó. Ilé ẹjọ́ náà ń sọ ohun tí òfin jẹ́, tòun ti àdéhùn tó ti de àwọn ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, kóòtù káàkiri ayé á sì máa kà á. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí o lò ni "ó là á kalẹ̀ pé", kí o sì fi nọ́ńbà ìpínrọ̀ sí i. Ní ti owó gbà-mábìínú, ohun tó là kalẹ̀ ni pé ó lè tẹ̀ lé e bí orílẹ̀-èdè bá rú ojúṣe rẹ̀, bí gbogbo ohun tí òfin ń bèèrè bá sì pé, títí kan ìsopọ̀ tó yè kooro láàárín ohun tí orílẹ̀-èdè náà ṣe àti àdánù náà. Ìyẹn jìnnà sí "kí gbogbo orílẹ̀-èdè sanwó". Kóòtù òfin òkun tó wà ní Hamburg náà ti fún àwọn orílẹ̀-èdè erékùṣù kéékèèké ní ìmọ̀ràn tirẹ̀ ní 21 oṣù Karùn-ún 2024. Ìwé méjì ni wọ́n, láti kóòtù méjì, lórí ìbéèrè méjì. O ti dà wọ́n pọ̀ nínú footnote kan.

Ohun míì tún wà ní The Hague tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà: lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, àwọn adájọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń kọ èrò tiwọn mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ máa ń jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ ẹjọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ Bakassi, ilẹ̀ tí àwa àti Cameroon jọ ń dù, fi èyí hàn kedere. Cameroon gbé wa lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹta 1994. Àṣẹ ìgbà díẹ̀ jáde ní 1996. Ìdájọ́ lórí àtakò ìbẹ̀rẹ̀ jáde ní 1998. Òmíràn lórí ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní 1999. Ìdájọ́ àṣekágbá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde ní 10 oṣù Kẹwàá 2002, ICJ Reports (àkójọ ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé) 2002, ojú ewé 303. Bí o bá kọ "Cameroon v Nigeria" lásán, èwo nínú wọn ni kí n ṣí? Nígbà tí wọ́n sì dìbò lórí Bakassi, mẹ́tàlá dúró sí apá kan, mẹ́ta sí apá kejì. Olóyè Bola Ajibola, ọmọ Abẹ́òkúta, wà nínú àwọn mẹ́ta yẹn, ó sì kọ èrò àtakò tó jinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ún kà fún ọmọ Nàìjíríà, mo sì fẹ́ kí o kà á. Ṣùgbọ́n bí o bá mú gbólóhùn kan níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni kó wà ní iwájú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ti yí ẹjọ́ náà po.

O sì fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú ẹjọ́ Corfu Channel, ti Gẹ̀ẹ́sì àti Albania, pé orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ohun tó tẹ ẹ̀tọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn lójú. O kọ "para 22". Ìdájọ́ 9 oṣù Kẹrin 1949 yẹn kò ní nọ́ńbà ìpínrọ̀ rárá. Ojú ewé 22 ni. Ohun tí èyí sọ fún alábòójútó rẹ ni pé o kò ṣí ìdájọ́ náà, pé ara footnote ẹlòmíràn lo ti dà á kọ, ẹni tó ṣáájú rẹ sì ti ṣì í. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bọ́ǹbù inú omi tó ba ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ní 1946 ni ẹjọ́ náà dá lé, kì í ṣe àyíká. Báwo ni o ṣe máa ti ibẹ̀ dé ọ̀rọ̀ àyíká? Ẹjọ́ Pulp Mills, láàárín Argentina àti Uruguay, 20 oṣù Kẹrin 2010, ICJ Reports 2010, ojú ewé 14, ìpínrọ̀ 101, ni afárá rẹ. Ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ti mú ọ̀rọ̀ Corfu, tó sì so ó mọ́ ojúṣe orílẹ̀-èdè láti dènà ìpalára. Fi méjèèjì sí i, èyí tuntun kí ó ṣíwájú.

Bí o bá rí ọ̀rọ̀ Elias nínú ìwé ẹlòmíràn, tí o kò sì rí ìwé Elias gan-an, sọ bẹ́ẹ̀. Kọ pé ẹni báyìí ló fa ọ̀rọ̀ Elias yọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.

Mo tún rí i pé o pe àwọn abala Ìgbìmọ̀ Òfin Àgbáyé lórí ojúṣe orílẹ̀-èdè, ti 2001, ní "àdéhùn". Wọn kì í ṣe àdéhùn. Àpéjọ Gbogboogbò kàn ṣàkíyèsí wọn nínú ìpinnu 56/83 ní 12 oṣù Kejìlá 2001, kò sí orílẹ̀-èdè tó fi òǹtẹ̀ lù wọ́n. Agbára wọn wá láti inú àṣà òfin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ sílẹ̀, àti láti inú bí àwọn kóòtù ṣe ń lò wọ́n. Bákan náà ni Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 10 oṣù Kejìlá 1948. Pa abala 38 nínú òfin tó dá Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé sílẹ̀ mọ́ra, kí o máa bi ara rẹ ibi tí orísun kọ̀ọ̀kan bọ́ sí níbẹ̀: àdéhùn, àṣà, tàbí ìlànà gbogboogbò. Ìdájọ́ àti ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n láti mọ òfin. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn mẹ́ta yòókù.

Ẹjọ́ tí AI fún ọ ńkọ́? Mo wá a bí alábòójútó rẹ ṣe wá a. Kò sí. Yọ ọ́ kúrò, kí o sì yẹ gbogbo ohun tí o gbé lé e lórí wò, torí kì í ṣe footnote nìkan ló ṣubú, àlàyé tó wà lókè rẹ̀ náà kò ní ẹsẹ̀ mọ́. Irú rẹ̀ ti bá àwọn tó dàgbà jù ọ́ lọ. Ní New York, nínú ẹjọ́ Mata v Avianca, àwọn lọ́yà kó ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ lọ síwájú adájọ́. Ọ̀rọ̀ àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú ló wà nídìí ẹjọ́ náà, irú iṣẹ́ tí ìwọ náà ń ṣe. Ní 22 oṣù Kẹfà 2023, Adájọ́ Castel bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé àwọn ẹjọ́ náà dà, inú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ti fa ẹ̀dà ìdájọ́ jáde. Ẹ̀rọ yẹn lè ràn ọ́ lọ́wọ́ láti mọ ọ̀rọ̀ tí o máa fi wá nǹkan. Kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Orúkọ ẹjọ́ tó bá fún ọ, mú un lọ sí ojúlé kóòtù náà, tàbí sínú ìwé ìròyìn ẹjọ́. Bí o kò bá rí i níbẹ̀, má lò ó.

Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, mo sì mọ̀ pé ilé ìkàwé kì í ní ohun gbogbo. Síbẹ̀, ohun tí òfin àgbáyé nílò jù lọ wà lọ́fẹ̀ẹ́: ìdájọ́ The Hague, àkójọ àdéhùn, ìpinnu Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí a ń fi àmì bí A/RES/77/276 wá. Wà wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan, kí o tọ́jú wọn sínú fóónù tàbí kọ̀ǹpútà, kí o máa kà wọ́n láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti NWLR, chambers àwọn àgbà lọ́yà ní Àkúrẹ́ níbí ní in láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Múra dáadáa, kí àwọn àgbà bó ṣe yẹ, sọ ojú ewé tí o ń wá. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló máa lé ọmọ tó wá ka ẹjọ́ Gani padà.

Alábòójútó rẹ ní ìwé ìròyìn lo gbé òfin lé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n má wá tìtorí rẹ̀ kó gbogbo ìwé ìròyìn dànù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ayétòrò, ọjọ́ tí omi yọ, iye ìgbà tí àwọn ará ìlú kígbe sí ìjọba, ìwé ìròyìn lè jẹ́ ẹ̀rí fún ìyẹn, pàápàá bí méjì tàbí mẹ́ta bá sọ ohun kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan dà á kọ látọ̀dọ̀ èkejì. Kọ orúkọ akọ̀ròyìn, àkọlé, orúkọ ìwé ìròyìn àti ọjọ́ tó jáde. Ọjọ́ tí ìwọ kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ṣe pàtàkì, torí ojú ewé a máa yí padà, a sì máa parẹ́.

Ìbéèrè kan tí o kò bi mí rèé: ṣé o ti dé ibẹ̀? Láti Àkúrẹ́ dé Igbókọ̀dá kò ju ohun tí o lè ṣe lọ, ibẹ̀ lo sì ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ìwé tí o kọ, kò sí ohùn ará Ayétòrò kan nínú rẹ̀. Kọ́kọ́ gba àṣẹ ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Sọ ohun tí o fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe fún wọn, gba ìyọ̀ǹda, bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí orúkọ wọn jáde, kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀. Bí ìyá kan bá sọ fún ọ pé inú òkun ni ilé tí wọ́n bí òun sí wà báyìí, ìyẹn náà jẹ́ orísun, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́kasí tó pé bíi ti adájọ́ The Hague.

Bí a ṣe ń to ìtọ́kasí kò yẹ kó gba oorun lójú rẹ. Bèèrè ohun tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ ń lò: ó lè jẹ́ OSCOLA láti Oxford, ó sì lè jẹ́ ìlànà ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ òfin Nàìjíríà, NALT. Mú ọ̀kan, má ṣe lú u mọ́ èkejì. Fún àdéhùn, orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdìpọ̀ àti ojú ewé, kí o tó sọ abala. Máa kọ wọ́n sílẹ̀ ní ọjọ́ tí o bá kà wọ́n; wíwá wọn lẹ́yìn tí a ti kọ iṣẹ́ tán ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Ní ti dídín footnote kù, kì í ṣe iye wọn ló dun alábòójútó rẹ. Tẹ gbogbo wọn jáde sórí ìwé. Èyí tí o bá ti ṣí orísun rẹ̀ fúnra rẹ, tí o sì rí ojú ewé náà, fàlà sí i. Èyí tí o kò bá tíì ṣí, wá a. Bí o bá wá a tì, yọ òun àti gbólóhùn tó gbé e wá. Àwọn kan máa lọ, àwọn mìíràn máa wọlé, torí abala 24 àti Àdéhùn Kampala máa bí tiwọn. Orí tó bá sọ̀rọ̀ lórí abala 24 ni kí o kọ́kọ́ tún kọ, kí o sì mú òun nìkan lọ bá alábòójútó rẹ kí o tó fọwọ́ kan ìyókù.